Iṣẹ́ Rírán àti Àbọ̀ Bíbéèrè: Bí Àṣà Orílẹ̀-Èdè Ṣe Ń Darí Ilé Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń dá wàhálà sílẹ̀ láàrin àwọn ẹgbẹ́ tí ó wà lábẹ́ àpapọ̀ wa, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ méjì tí ó ṣojú wa ni ó mú kí a pinnu láti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ kan tí a kò ní dárúkọ ní sítọ́ọ̀ tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń ra oògùn kòkó àti àdá. Wọ́n gba máníjà kan sí i, ọmọ tí ó kàwé tí ó sì mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò lè ra ohunkóhun, ìbáà ṣe ìgbálẹ̀, àfi bí alága bá fọwọ́ sí ìwé. Ní àárín òjò, nígbà tí èso kòkó ń dúdú lórí igi, oògùn tán nínú sítọ́ọ̀. Alága ti lọ sí ìnáwó òkú àna rẹ̀, ó sì lo ọjọ́ mẹ́sàn-án níbẹ̀. Owó wà ní báńkì, oògùn wà lọ́wọ́ oníṣòwò, máníjà jókòó ó ń wo ojú ọ̀nà. Nígbà tí alága fi máa dé, àwọn tí ó lówó lọ́wọ́ nínú ọmọ ẹgbẹ́ ti lọ ra oògùn ọ̀wọ́n níbòmíràn, àwọn tí kò ní sì ti pàdánù kòkó wọn.

Ti ẹgbẹ́ kejì yàtọ̀ pátápátá. Wọ́n ní akápò tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn. Ọdún méje ni ó fi di kọ́kọ́rọ́ àpótí mú, kò sì sí ẹni tí ó bi í pé èló ni ó wà níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde nípàdé tí ó ní kí a ka owó, àwọn àgbà bínú sí i: 'Ṣé olè ni o fẹ́ pe bàbá ni?' Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà kí a tó mọ̀ pé owó ti lọ lọ́dọ̀ ẹbí àti ọ̀rẹ́ láìsí ìwé, kò sì tíì padà tán títí di bí a ti ń kọ èyí. Bàbá yìí kò jẹ kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ojú ni ó ń tì í láti sọ pé rárá fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ní ẹgbẹ́ ìṣáájú, a fi iṣẹ́ rán ènìyàn ṣùgbọ́n a kò fi àṣẹ lé e lọ́wọ́. Ní ẹgbẹ́ kejì, a fi gbogbo àṣẹ lé e lọ́wọ́, a kò sì béèrè àbọ̀. Nígbà tí a sọ ọ́ nípàdé ìgbìmọ̀ wa, ẹnìkan ní àṣà wa ni ó fà á, pé ènìyàn dúdú kò lè ṣe é bí òyìnbó. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ wa nínú. A bá lọ wádìí bí àwọn òyìnbó fúnra wọn ṣe ń ṣe é ní ilé iṣẹ́ wọn, ohun tí a sì rí ni pé àwọn tí à ń pè ní òyìnbó lọ́rọ̀ kan ṣoṣo yìí kò ṣe é lọ́nà kan ṣoṣo.

Ọmọ ilẹ̀ Netherlands, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ sí Họ́láńdì, ni Geert Hofstede, tí ó kú ní 2020. Láàrin 1967 sí 1973, ilé iṣẹ́ IBM tí ń ṣe kọ̀ǹpútà bi àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ káàkiri ayé léèrè bí iṣẹ́ àti ọ̀gá ṣe rí lójú wọn. Ìwé ìdáhùn tí wọ́n kó jọ ju 116,000 lọ. Hofstede tò wọ́n ní orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè, ó sì tẹ ìwé lórí rẹ̀ jáde ní 1980. Ọ̀kan nínú ohun tí ó wọ̀n ni bí àlàfo tí ó wà láàrin ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ ṣe gbòòrò tó, lójú àwọn tí ó wà nísàlẹ̀. Denmark gba 18, Họ́láńdì 38, Amẹ́ríkà 40, Faransé 68, Malaysia 104. Ó pa Nàìjíríà, Ghana àti Sierra Leone pọ̀, ó sì fún wọn ní 77. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé gbogbo ara lé iye wọ̀nyí o. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n bi, wọn kò bi àgbẹ̀ tí ó wà ní Ìdànrè. Wọ́n sì da orílẹ̀-èdè mẹ́ta sínú agbọ̀n kan bí ẹni pé ọmọ ìyá ni Yorùbá, Hausa, Akan àti Mende. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó bá a jiyàn pọ̀. Síbẹ̀, ẹ kíyè sí ohun kan: Faransé àti Họ́láńdì kò jìnnà síra wọn rárá lórí ilẹ̀, ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, Faransé sún mọ́ àwa níhìn-ín ju bí ó ti sún mọ́ Họ́láńdì lọ.

Ìwé tí ó là wá lójú jù ni èyí tí Philippe d'Iribarne, ọmọ Faransé, tẹ̀ jáde ní 1989. Kò ka orí ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta péré ni ó wọ̀, tí ó sì gbọ́ tẹnu àwọn òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá. Ilé iṣẹ́ Faransé kan náà ni ó ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, irú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n sì ń lò, alumíníọ́mù tí a fi ń ṣe ìkòkò àti páànù òrùlé ni wọ́n ń ṣe. Ọ̀kan wà ní Faransé, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Họ́láńdì.

Ó yẹ kí a sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ náà, nítorí pé òun ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yé wa. Ìyẹ̀fun funfun kan tí a rí láti inú òkúta ni a máa ń dà sínú àwọn agbada ńlá tí a tò lọ gbọọrọ, iná mànàmáná ni a sì fi ń yọ alumíníọ́mù nínú rẹ̀. Ooru inú rẹ̀ tó nǹkan bí 950 lórí ìwọ̀n Celsius. Tọ̀sán tòru ni wọ́n fi ń ṣe é, kò mọ Ọjọ́ Ìsinmi, kò mọ ọdún Kérésìmesì. Bí iná bá lọ fún wákàtí mélòó kan, ohun tí ó wà nínú agbada yóò dì gbagidi, àdánù rẹ̀ kò sì kéré. Nítorí náà ẹni tí ń ṣọ́ agbada ní agogo méjì òru gbọ́dọ̀ lè pinnu ohun tí yóò ṣe láìlọ jí ọ̀gá. Ìkòkò oníná náà kò mọ Faransé, kò mọ Amẹ́ríkà. Àwọn tí ó dúró tì í ni ó mọ ibi tí a ti bí wọn.

Ní Amẹ́ríkà, d'Iribarne rí i pé àdéhùn ni olórí ohun gbogbo. Ọ̀gá á sọ ohun tí ó fẹ́, á sọ iye rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, á sì fi ọ̀nà tí ọmọ iṣẹ́ yóò gbà ṣe é sílẹ̀ fún un. Bí ọjọ́ bá pé, á wọ̀n ọ́n. Ìwé àdéhùn láàrin ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kún fún òfin wẹ́wẹ́ tí ó de ọ̀gá bí ó ti de ọmọ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ kò ka àyẹ̀wò sí ìwọ̀sí. Ohun tí yóò mú un bínú ni kí a fi òṣùwọ̀n tí a kò fi hàn án tẹ́lẹ̀ wọ̀n ọ́n, tàbí kí a fi ojú àánú wo ẹnìkejì rẹ̀ kí a sì fi ojú líle wo òun. Bí ẹni méjì tí ó jọ ń dúnàádúrà lọ́jà ni wọ́n rí ara wọn.

Ẹ gbé ìwé ọ̀gá Amẹ́ríkà yìí lọ sí Faransé, ìjà ni. Lójú òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ipò rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ tí ó kọ́ ni ó ń sọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe fún un, kì í ṣe ẹnu ọ̀gá. Ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe mọ ohun tí irú òun kò gbọ́dọ̀ ṣe; bí ó bá ṣe é, ó ti bọ́ lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó lè ṣe ju ohun tí a ní kí ó ṣe lọ láìsí ẹni tí ó rán an, nítorí iyì ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fọ́máànù bá dúró tì í lẹ́yìn, tí ó ń kọ gbogbo ohun tí ó ń ṣe sínú ìwé, ó ti sọ fún un láìlanu pé kò já mọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá tí ó gbọ́n níbẹ̀ á fà sẹ́yìn díẹ̀. Orí iyì yìí náà ni d'Iribarne gbé orúkọ ìwé rẹ̀ kà.

Nígbà tí a ka ibẹ̀, ẹ̀rín pa wá. Ṣebí àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọkùnrin tí kò gbọ́ Yorùbá rí ti lo ilé iṣẹ́ kan odindi láti fi túmọ̀ òwe wa! Ṣùgbọ́n ọ̀nà yìí ní ibi tí ó kù sí, d'Iribarne kò sì fi pamọ́. Bí ẹ̀ka méjì bá ní aáwọ̀ ní ilé iṣẹ́ Faransé náà, kò sí èyí tí ó fẹ́ gbà pé òun ń ṣe ìránṣẹ́ fún ìkejì. Wọn a pariwo mọ́ ara wọn, bóyá ọ̀rọ̀ á sì parí lábẹ́lẹ̀ nítorí pé ẹni méjì kan nínú wọn mọra dáadáa. Bí àwọn méjèèjì kò bá mọra ńkọ́?

Ní Họ́láńdì, ariwo kò pọ̀. Ìpàdé ni ó pọ̀. Ọ̀gá tí ó bá kàn pàṣẹ yóò rí i pé àṣẹ náà kò rìn jìnnà. Ó ní láti ṣàlàyé, kí ó mú iye jáde lórí ìwé, kí ó sì gbọ́ ti ẹnìkejì títí tí wọn yóò fi fohùn ṣọ̀kan. Èyí ń gba àkókò. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fohùn ṣọ̀kan, ohun tí wọ́n jọ sọ ni ó ń ṣọ́ olúkúlùkù wọn, ó sì le fún ẹnikẹ́ni láti yẹ̀ ẹ́. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn níbẹ̀ kì í gbé ìjà. Ó lè má wá síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kejì.

Ẹ wá wò ó. Ìwé kan náà, tí a kọ iye iṣẹ́ tí ẹnìkan ṣe láàárọ̀ sí, di ẹ̀rí àdéhùn ní Amẹ́ríkà, ó di àbùkù ní Faransé, ó sì di ohun tí a jọ jókòó yẹ̀ wò ní Họ́láńdì. Ilé iṣẹ́ tí ó bá fi ìlànà Amẹ́ríkà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ láìbéèrè ohun tí àwọn ará ibẹ̀ yóò gbọ́ nínú rẹ̀ ń wá wàhálà fún ara rẹ̀.

Àwa ńkọ́? Àwọn tí ó ní béèrè-kí-n-dáhùn kò sí nínú àṣà wa gbàgbé ìtàn. Aláàfin kò dá ìjọba ṣe. Ọ̀yọ́ Mèsì tí Baṣọ̀run jẹ́ olórí wọn wà níbẹ̀, Ògbóni sì wà tí àwọn náà kò lè kó o kéré. Ìgbà tí a gbàgbé rẹ̀ ni ó burú. Nígbà tí Ìbàdàn di alágbára, ó fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Ìbàdàn jìnnà, ajẹ́lẹ̀ sì ń gba ti Ìbàdàn, ó ń gba ti ara rẹ̀. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀ wọ̀nyí wà lára ohun tí ó fa ogun Kírìjì, tí ó jẹ́ pé 1886 ni a tó fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà rẹ̀.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa pàápàá, láti òkèèrè ni ọ̀nà tí à ń gbà ṣọ́ ọ ti wá, ó sì gbé àmì ibi tí ó ti wá lọ́wọ́. Àwọn ènìyàn 28 tí ó dá ẹgbẹ́ Rochdale sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1844 yan àwọn tí yóò máa yẹ ìwé owó wò láàrin ara wọn. Àwọn ará Jámánì fẹ́ kí ẹni ìta wò ó. Òfin wọn ti 1889 sọ ọ́ di dandan. Ti Íńdíà ni ó wá kan àwa. Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Íńdíà ní 1904 fi gbogbo agbára lé Rẹjísírà lọ́wọ́, kí ó forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, kí ó yẹ ìwé rẹ̀ wò, kí ó sì tú u ká bí ó bá bàjẹ́. Ọ̀gbẹ́ni C. F. Strickland, tí ó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ní Íńdíà, ni wọ́n ní kí ó wá wo ti Nàìjíríà. Ìwé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1934, òfin wa sì tẹ̀ lé e ní 1935. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ti kọ́ ọ pé iṣẹ́ ìjọba ni kí a yẹ ìwé owó wò. Bí a bá gbọ́ pé ọ́dítọ̀ ń bọ̀, à ń sá bí ẹni pé wolé-wolé ni. A kò rí i bí ohun tí ó jẹ́ tiwa.

Kí ni a lè ṣe tí yóò bá ìwà wa mu? Ibi tí a ti rí ohun tí ó jọ tiwa jù ni Kamẹrúùnù. Alain Henry, tí òun àti d'Iribarne jọ ń ṣe ìwádìí, kọ̀wé lórí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ibẹ̀, bí ó ti rí ní àwọn ọdún 1980. Ilé iṣẹ́ náà ní ìwé ìlànà tí ó sọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní wẹ́wẹ́: ẹni tí yóò fọwọ́ sí i, ìwé tí yóò mú dání, ohun tí yóò kọ́kọ́ wò, ibi tí yóò gbé e lọ lẹ́yìn náà. Ọ̀gá tí ó ti Yúróòpù wá yóò rò pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò de òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni Henry rí. Inú àwọn òṣìṣẹ́ dùn sí i.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro fún wa láti mọ̀. Níbi tí ẹbí, ọ̀rẹ́ àti ará ìlú ti ń wo ọwọ́ ẹni tí ó wà nípò, kò sí 'rárá' tí kì í di ti ìwọ pẹ̀lú èmi. Bí mo bá kọ̀ fún ọ, o óò ní mo kórìíra rẹ, tàbí pé mo gbé e fún ẹlòmíràn. Bí mo bá sì gbà, àwọn tí ó kù á ní mo ti jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti sọ ohun tí n óò ṣe ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo ènìyàn sì mọ̀ pé ó sọ bẹ́ẹ̀, kì í tún ṣe èmi ni mo kọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àyẹ̀wò: bí ó bá wà nínú ìlànà pé ní ọjọ́ báyìí a ó ka owó gbogbo àpótí, ti àgbà ti ọmọdé, ẹni tí a ka tirẹ̀ kò lè ní a fura sí òun. Ìwé tí ó jẹ́ àbùkù lójú ọmọ Faransé di ààbò níhìn-ín. Kìkì pé ó gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà ni a bá jókòó kọ ọ́, kí ó sì de alága bí ó ti de máníjà. Ìwé tí ọ̀gá kọ fún àwọn ẹlòmíràn, tí òun fúnra rẹ̀ ń fò dá, kò ní dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

A gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá ẹgbẹ́ méjèèjì tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ onísítọ́ọ̀ kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé máníjà lè ra ọjà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bí kò bá ti ju iye owó páálí oògùn mẹ́wàá lọ. Owó páálí ni wọ́n lò nítorí pé iye náírà tí a bá kọ lónìí lè má ra nǹkan kan lọ́dún tí ń bọ̀. Èyí tí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni méjì nínú mẹ́ta ni yóò fọwọ́ sí i, kì í ṣe alága nìkan. Alága kọ́kọ́ fa ojú ro. Ó ní a ti gba ìjókòó lábẹ́ òun. Ìyàwó rẹ̀, tí òun náà pàdánù kòkó lọ́dún náà, ni ó bá a sọ ọ́ títí ó fi gbà.

Ẹgbẹ́ kejì yan akápò tuntun, obìnrin ni. Kí ó tó gba kọ́kọ́rọ́ ni ó ti ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ni a ó máa ka owó lójú ẹni mẹ́ta, àti pé kò sí ẹni tí yóò yá owó láìní onídùúró méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n bá wí nígbà náà wà lára àwọn mẹ́ta tí ń kà á. Ní oṣù kejì, àbúrò ọkọ akápò náà wá bá a nílé lálẹ́, ó ní owó ilé ìwé ọmọ ni. Kò jiyàn, kò sì bá a jà. Ó gbé oúnjẹ fún un, ó mú ìwé ìlànà wá láti yàrá, ó ṣí i sí ojú ewé tí ọ̀rọ̀ onídùúró wà, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àwo ọbẹ̀. Ọkùnrin náà kà á, ó jẹun tán, ó sì padà wá ní ọjọ́ kẹta pẹ̀lú ẹni méjì.